Ìdajì Ìwàásù

Pásítọ̀ méjì ti gbá ara wọn ní kọ́là mú nígbà tí Akọ̀wé gbé omi wọlé. Kíláàsì ni wọ́n wà o, níbi tí àwọn pásítọ̀ mẹ́rìnlá ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà ìkẹyìn, àti bí a ṣe ń fi kọ́ ìjọ. Ọ̀kan ní òun mọ orúkọ ẹranko inú Ìwé Ìfihàn. Èkejì ní irọ́ ló ń pa. Ni ẹ̀ṣẹ́ bá sọ. Bọ́tìnnì fò, ẹ̀jẹ̀ imú sì kán sórí Bíbélì.

Ìyá Olùkọ́, opó arúgbó tó ń darí kíláàsì náà, fi ọ̀pá rẹ̀ lu tábìlì.

"Ẹ fi ara yín sílẹ̀! Bí ẹ̀yin olùkọ́ bá ń ja báyìí, kí ni àwọn tí ẹ ń kọ́ máa ṣe? Ẹni tí ìyà ń jẹ ni wọ́n kọ ìwé yẹn sí, kó lè ní ìgboyà. Wọn ò kọ ọ́ kí ẹ máa fi dẹ́rù ba ọmọlákejì yín."

Akọ̀wé fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, bàbá rẹ̀ sì wà lára àwọn pásítọ̀ tó jókòó níbẹ̀. Nítorí pé òun ló máa ń gba ohùn ìwàásù bàbá rẹ̀ sínú fóònù, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì ń fi í sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ gun orí pẹpẹ. Ó ní, "Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tó wà ní òpópónà wa yìí, àmì ẹranko náà ni. Ẹni tó bá fi ìka kàn án ti ta ọkàn rẹ̀." Ó wo ojú ìjọ. "Irọ́ ni! Ọ̀rọ̀ ẹni tí à ń sìn ni Jòhánù ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ lọ ṣe káàdì ìdánimọ̀ yín."

Nílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ṣakará gbọ́ ìwàásù náà, ó sì yínmú.

"Èèyàn mélòó ló gbọ́ eléyìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Mẹ́sàn-án! Ìyá ẹ wà nínú wọn. Gé e. Fi ibi tó gbóná sílẹ̀ nìkan."

"Bàbá mi ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló máa sọ fún wọn? Ojo!"

Ọ̀rọ̀ "ojo" yẹn ta Akọ̀wé lára. Ó gé "àwọn kan ń sọ pé" kúrò níwájú, ó gé "irọ́ ni" kúrò lẹ́yìn. Ohun tó ṣẹ́ kù ni bàbá rẹ̀ tó ń kéde pé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka òpópónà wa ni àmì ẹranko. Ó fi í síta.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ti gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn dé eyín. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sán, ó rí ohun tí ẹnì kan kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ jẹ́ ká lọ fọ́ ẹ̀rọ náà." Àwọn mìíràn ní, "Kí a fọ́ ẹni tó ni ín mọ́ ọn." Ọkàn rẹ̀ ní kó yọ ọ́. Ó gbé ìka sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ẹnu lásán ni," ló wí fún ara rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe jáde nílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́rú, wọ́n gbọ́ igbe.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ní fèrèsé gíláàsì ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Oníkọ̀mpútà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gba ìtẹ̀ka àwọn èèyàn fún káàdì ìdánimọ̀. Òun náà ló bá Akọ̀wé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde. Gíláàsì ti di ẹ̀ẹ́rún. Àwọn èrò ń fi irun wọ́ obìnrin náà bọ̀ lórí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan ń ta á ní ìpá ní ìhà, òmíràn ń fi bẹ́líìtì nà án lójú.

"Ẹ gbà mí o! Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi ni mò ń ṣe!"

"Ọwọ́ tó ń fúnni ní àmì dà?" ni Fọganáísà, ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní òpópónà náà, bú ramúramù. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ lórí kọnkéré. Fọganáísà gbé irin tó fi ń tú táyà sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Igbe tí obìnrin náà ké kò jọ igbe èèyàn mọ́.

Bàbá Akọ̀wé já láàárín èrò láìwọ bàtà, ó ju ara rẹ̀ lé obìnrin náà lórí.

"Ẹ dúró! Ta ló rán yín níṣẹ́ yìí?"

"Pásítọ̀, ṣebí ìwọ ni!" ni wọ́n dáhùn. "A gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ!"

Kó tó lè sọ̀rọ̀, òkúta kan bá a létí òsì. Ó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ bo ọrùn rẹ̀.

Ṣakará ti sá lọ. Akọ̀wé gun orí bẹ́ǹṣì, ó ké. "Èmi ni! Èmi ni mo gé e! Bàbá mi ní irọ́ ni!" Wọn ò kọ́kọ́ gbọ́. Obìnrin kan fà á ṣubú, ó gbá a létí. Ó tún dìde, ó tún ké, títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn tó sún mọ́ ọn ju òkúta ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Nígbà tí fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá dún, kálukú fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Wọ́n mú Fọganáísà àti àwọn mẹ́ta mìíràn. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló lọ sọ tẹnu rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ilé ẹ̀kọ́ ní kó lọ jókòó sílé fún sáà kan, ìdánwò ọdún náà sì kọjá lórí rẹ̀. Etí òsì bàbá rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́.

Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n tó gba Akọ̀wé láàyè láti rí Ẹ̀gbọ́n Oníkọ̀mpútà ní ilé ìwòsàn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Wọ́n ti gé ìka méjì, wọ́n fi báńdéèjì wé ìyókù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sókè. "Etí mi ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹ. Ọwọ́ mi ni kò tíì gbọ́. Máa lọ sílé."

Ó bú sẹ́kún títí dé ìta, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń dúró dè é. Ó sọ èsì obìnrin náà, bàbá rẹ̀ sì yí etí ọ̀tún sí i kó lè gbọ́.

"Ọmọ mi," ló wí, "àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bá. Ìbẹ̀rù ti wà lára àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀, ìwọ lo sọ iná sí i. Òótọ́ tí a bá gé sí méjì, irọ́ ni, ó sì lè pànìyàn. Àti pé ọjọ́ tí ọkàn ẹ ní kí o yọ ọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí o yọ ọ́."

Akọ̀wé nu ojú rẹ̀. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, wọ́n sì rọra kọjá sí òdìkejì títì.