Abẹ́rẹ́ Tí Kaswii Kò Gbà

"Nthenya, má dúró níbì kankan o. Ọjọ́bọ̀ kejì oṣù nìkan ni Nọ́ọ̀sì Mutio máa ń gbé abẹ́rẹ́ èéyí wá. Tó bá ti lọ, ó di oṣù tó ń bọ̀."

Ìyá mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń di Kaswii mọ́ mi lẹ́yìn. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án ni. Eyín méjì ló ní, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn ju kó máa fa etí mi lọ. Ìyá mi ò lè lọ fúnra rẹ̀, nítorí ọjọ́ yẹn ló kàn wá láti fa omi nínú kòtò tí abúlé gbẹ́ sí àárín odò gbígbẹ. Ẹni tó bá pàdánù ọjọ́ tirẹ̀, òùngbẹ á pa ewúrẹ́ rẹ̀.

Ìrìn wákàtí méjì ni láti Kyangwasi, abúlé wa, dé ìdí igi osè tí nọ́ọ̀sì máa ń jókòó sí. Mo dé ẹ̀gbẹ́ pápá ilé ìwé, ni Ndunge ọ̀rẹ́ mi bá pariwo, "Ìyá ìkókó! Níbo lò ń gbé ọmọ lọ? Tíṣà tó wá láti Kitui ti dé o! Ọmọ mẹ́ta péré ló fẹ́ mú lọ sílé ìwé wọn, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ tó mọ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ju gbogbo wa lọ ló wá fẹ́ lọ jókòó sábẹ́ igi?"

"Àbúrò mi fẹ́ gba abẹ́rẹ́."

"Ta ló ní kó má gbà á? Gbá ìpele kan ṣoṣo, kó o máa lọ. Nọ́ọ̀sì ò ní fò lọ."

Mo gbé Kaswii fún àwọn ọmọdébìnrin kan lábẹ́ ibòji. Ìpele kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Nígbà tí Tíṣà kọ orúkọ mi sínú ìwé rẹ̀, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oòrùn. Ìgbà tí mo gbé Kaswii sáré dé ìdí igi osè, ipa táyà ọkọ̀ nìkan ni mo bá.

Mo jókòó, mo ṣí káàdì Kaswii. Mo wo ibi tí nọ́ọ̀sì ti kọ ọjọ́ àwọn abẹ́rẹ́ ìṣáájú sí. Bírò wà lápò mi. Mo kọ déètì ọjọ́ náà sí iwájú èéyí, mo sì fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ bí ìfọwọ́sí rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé oṣù kan kì í ṣe títí ayé, màá gbé e padà wá.

"Ṣé ó sunkún?" ni ìyá mi bi mí.

"Díẹ̀, Màmá."

Ó gba ọmọ, ó fẹnu kò ó lórí. Nígbà tí mo wá sọ pé wọ́n mú mi sílé ìwé Kitui, ó jó yí ààrò ká.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni èéyí wọ agbègbè wa. Ara Kaswii gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n, ikun ń jáde nímú rẹ̀. Màmá Kalunde, tó ń lọ láti ilé dé ilé láti bójú tó ìlera abúlé, wá wò ó. Káàdì ló kọ́kọ́ béèrè.

"Háà, èyí ti gba tirẹ̀," ó ní. "Ó lè jẹ́ ooru. Ẹ máa fún un lómi, ìyá Nthenya. Ilé tí wọn ò gbà á ni mo ń wá."

Ó lọ. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò jẹ́wọ́. Bí mo ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ kejì náà. Lọ́jọ́ kẹta, Kaswii ò lè mu ọmú mọ́, ó ń mí bí ẹni tó ń sáré. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, kò gba abẹ́rẹ́ èéyí. Èmi ni mo kọ déètì yẹn sínú káàdì rẹ̀."

Ìyá mi wò mí. Kò nà mí. Ó gbé ọmọ, ó bọ́ sọ́nà, mo tẹ̀ lé e.

Àgádágodo la bá lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Mutio nìkan ló wà fún abúlé mọ́kànlá, ó sì ti lọ kó oògùn wá. Musyimi, aládùúgbò wa, fi alùpùpù rẹ̀ gbé wa kọrí sí ọsibítù ńlá. A ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí ìyá mi fi ọwọ́ kan Musyimi léjìká.

"Dúró," ó ní. "Kò sí ìdí láti sáré mọ́."

Nọ́ọ̀sì Mutio wá kí wa lọ́jọ́ kejì ìsìnkú. Mo bá a lẹ́yìn ilé, mo jẹ́wọ́ fún un, mo sì béèrè bóyá èmi ni mo pa Kaswii.

"Mi ò ní purọ́ fún ẹ," ó ní, omi lójú òun náà. "Irọ́ yẹn gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ wa. Ká ní Kalunde mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá ìbá yè. Àmọ́ kí abẹ́rẹ́ máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ilé ìwòsàn tì pa torí pé èmi nìkan jáde, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwa àgbà ló máa jẹ́jọ́ ìyẹn."

Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ogójì ọjọ́. Oúnjẹ mi á wà lórí ààrò, ṣùgbọ́n kò ní pe orúkọ mi. Lọ́jọ́ tí Baálẹ̀ pe ìpàdé lórí àìsàn náà, mo dìde níwájú gbogbo ìlú, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ẹnì kan ṣépè. Màmá Kalunde bú sẹ́kún. Ìyá márùn-ún ló gbé ọmọ wọn lọ gba abẹ́rẹ́ lóṣù yẹn, àwọn tó ti ń sọ pé ọ̀nà jìn.

Nígbà tí ilé ìwé fẹ́ wọlé, mo sọ pé mi ò lọ mọ́. Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó ṣíjú wò mí.

"Nthenya, di ẹrù ẹ. Ọmọ kan ni mo sin. Mi ò fẹ́ sin méjì."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ tèmi lé irọ́ bá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bá a nígbà tí Kaswii ò ní ọjọ́ kankan mọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ má fi irọ́ bò ó. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ jẹ́ kí ìtìjú mú yín, kí ẹlòmíràn lè yè.