Memunat Lọ Béèrè Èsì

Memunat ń wọ́n omi sórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà nígbà tí bàbá rẹ̀ pè é. Làtífù, bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé e wá sí Port Harcourt. Ó sá kúrò nígbà tí ogun dé, ó sì padà nígbà tí àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ gba ìlú náà. Ní ọdún 1969 yìí, ojú oórì ló ń fi sìmẹ́ńtì bò jù. Àwọn tó sin òkú wọn ní kánjúkánjú ti ń padà wá tún ibẹ̀ ṣe.

"Lọ kí Mama Ibiere ní Diobu," ni Làtífù wí. "Láti ìgbà tí mo ti sọ iye tí iṣẹ́ ojú oórì ọkọ rẹ̀ máa jẹ́ fún un, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bi í bóyá iye náà ló pọ̀ jù, tàbí ohun mìíràn ló dá a dúró. Má bá a jiyàn o. Ohun tó bá sọ ni kí o wá sọ fún mi."

"Ó dáa, Bàbá."

Inú Memunat kò dùn, kò sì bàjẹ́. Láti ìgbà tí ìròyìn ti dé pé Àkíbù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú sójú ogun, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń rí. Kò sunkún lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì korò. Bàbá rẹ̀ pàápàá kì í dárúkọ Àkíbù. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Ilé-ìwé nìkan ló ṣì ń wu ọmọbìnrin náà. Bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí pé bí iṣẹ́ Mama Ibiere bá bọ́ sí òun lọ́wọ́, Memunat yóò padà sí kíláàsì.

Ní oríta Rumuokwuta, ó pàdé Falilat ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ. Falilat bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Kí o lọ béèrè kẹ̀? Á ní òun ṣì ń rò ó ni. Sọ fún un pé sìmẹ́ńtì máa gbówó lórí lọ́la, pé ẹlòmíràn ti fẹ́ gba èyí tó wà nílẹ̀. Wàá rí bó ṣe máa sáré."

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ ọjà ni. Àbí o ò fẹ́ padà sílé-ìwé ni?"

Memunat wọ ọkọ̀ lọ sí Diobu.

Olùkọ́ ni Ibiere, obìnrin Kalabari tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mama. Ìbọn ńlá ló pa ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jà sí ìlú náà, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sì sin ín sí. Ibẹ̀ gan-an ni Memunat ti bá a tó ń ṣa ẹ̀wà, nítòsí òkìtì iyanrìn orí sàréè náà. Pidgin ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ.

"Siddon, my pikin," ni Ibiere wí, ó sì sún àpótí sí i.

Memunat kò jókòó. Ọ̀rọ̀ Falilat jáde lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Mama, sìmẹ́ńtì máa gbówó lórí lọ́la. Ẹlòmíràn sì fẹ́ gba èyí tí a tọ́jú fún yín. Bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀ lónìí, òun la máa gbé e fún."

Ọwọ́ Ibiere dúró. Ó wo òkìtì náà.

"Ẹni yẹn, ṣé ọkọ tirẹ̀ náà ló kú?"

"Mi ò mọ̀, Mama."

"Ó dáa. Ẹ gbé e fún un."

Ó gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Memunat délé, ó ní, "Ó ní ká gbé e fún ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn wo?" ni bàbá rẹ̀ béèrè.

Kò rí irọ́ mìíràn pa. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Làtífù kò pariwo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dé fìlà, ó ní kí wọ́n jọ lọ.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó tẹrí ba fún Ibiere. "Kò sí ẹlòmíràn kankan, Mama. Ọmọ mi parọ́ fún yín. Ẹ forí jì wá."

"Iye yín kò pọ̀ jù, Bàbá," ni Ibiere wí. "Àwọn ẹbí ọkọ mi ní Abonnema ló ní òkú ọmọ àwọn kò gbọdọ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, pé kí a hú u lọ sílé. Èmi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ náà là ń fà bọ̀ láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí ọmọ yín lọ lánàá, ó rẹ̀ mí, n kò lè bá wọn jà mọ́. Àbúrò ọkọ mi wà níbí nígbà náà. Mo ní kó sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbé e lọ. Ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ti lọ láàárọ̀ yìí."

"Ṣé ẹ ò lè tún ránṣẹ́ ni?"

"Wọ́n ti gba ohun tí wọ́n fẹ́. Wọn ò ní dá mi lóhùn mọ́."

Ó yíjú sí Memunat. "Ta ló kú nílé yín?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Mama?"

"O sọ̀rọ̀ sàréè bí ẹni ń sọ̀rọ̀ iyọ̀ lọ́jà. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ti mú ọkàn rẹ̀ kú ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

Memunat wo bàbá rẹ̀. "Àkíbù ni," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi."

"Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

"A ò mọ̀."

Làtífù ṣí fìlà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sunkún. Ibiere bu omi wá fún wọn, wọ́n sì mu ún.

Lọ́jọ́ tí àwọn ará Abonnema dé, Làtífù bá wọn gbẹ́ ilẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Memunat dúró ti Ibiere títí wọ́n fi gbé òkú náà lọ. Ihò nìkan ló kù ní ẹ̀yìnkùlé. Memunat àti bàbá rẹ̀ ló rọ́ iyanrìn padà sí i.

Memunat kò padà sílé-ìwé lọ́dún náà.

Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ rán an sí ọkùnrin kan ní Mgbuoba, tó béèrè iye tí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ máa jẹ́ tí kò sì padà wá. Memunat jókòó sórí àga tí wọ́n fún un.

"Bàbá mi ní kí n kí yín," ló wí. "Wọ́n ní ṣé ohun kan ló dá yín dúró?"

Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ́. Ìyàwó rẹ̀ sá lọ nígbà tí ogun dé, òun kò sì mọ̀ bóyá ìyàwó náà yóò padà wá gbé ilé náà. Níkẹyìn, ó ní òun kò ní ṣe é mọ́. Memunat dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jíṣẹ́ náà fún bàbá rẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó béèrè iye iṣẹ́ tí kò tíì fèsì lè ní ohun tí kò ṣeé sọ lọ́kàn. Bí wọ́n bá rán yín lọ béèrè èsì, ẹ béèrè, kí ẹ sì dúró gbọ́. Irọ́ tí a fi ń lé oníbàárà lè lé e kọjá ibi tí a fẹ́ kó dé, a ò sì ní rí i dá padà.