Fèrèsé Tó Ṣí sí Cissin

Ọjọ́ kọkànlélógójì tí Nuru ti di àwátì ni Inoussa gbé iṣẹ́ wá fún Ròdíyátù.

Nuru ni ẹ̀gbọ́n Ròdíyátù kan ṣoṣo. Ó ń ta pièce moto, ìyẹn ẹ̀yà ara alùpùpù, ní àdúgbò Zangouettin. Ó jáde nílé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ní òun ń lọ rí oníbàárà, kò sì padà mọ́. Wọ́n rí alùpùpù rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀. Ìyẹn nìkan.

Ọmọ àdúgbò ni Inoussa. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, káàdì fóònù ló ń kiri ní ọjà Sankaryaré, oòrùn a sì máa pa á. Nísinsìnyí, ó ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta, jíìpù méjì ló sì wà níwájú ilé náà. Ẹni tó bá bi í léèrè, á ní orí ayélujára lòun ti ń ṣòwò.

Ó bá Ròdíyátù ní bureau, ọ́fíìsì kótópó tó háyà lẹ́yìn ọjà, níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

“Ròdíyá, mo ní sáfà tó lé ní ogójì nínú kíláòdù,” ó ní. “Ẹ̀rọ ńláńlá ni wọ́n, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n wà, mo kàn ń háyà wọn ni. N kò mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń sùn mọ́. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́, tí n óò máa ṣí lórí ayélujára bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé, tí n óò sì máa rí gbogbo ohun tí mo ní. Ṣé o lè ṣe é?”

“Mo lè ṣe é, ẹ̀gbọ́n.”

“Tí o bá ṣe é, ìwọ ni n óò fi ṣe ọ̀gá lórí gbogbo rẹ̀.”

Ó wọ̀ ọ́ létí. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ iṣẹ́ yìí, àwọn tí kò mọ̀ tó o sì ti ń jókòó sí ọ́fíìsì tútù. Ó gba iṣẹ́ náà.

Ó háyà sáfà kékeré kan, ó gbé ètò náà lé e lórí. Ó ti gbogbo ọ̀nà tí kò yẹ kó ṣí sílẹ̀ pa, ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ẹnu èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ó tẹ kọ́kọ́rọ́ tí Inoussa fún un sínú rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ojú ìwé náà kọ̀ ọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé aago sáfà náà ti rìn sẹ́yìn. Ó tún un ṣe. Ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú ìwé náà là.

Àwọn sáfà tò kalẹ̀, orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ní ìsàlẹ̀ wọn ni ibi ìpamọ́ kan wà tí Inoussa kò dárúkọ rí. Wọ́n pè é ní “Cissin”, orúkọ àdúgbò kan nílùú. Kámẹ́rà kan ń fi àwòrán ránṣẹ́ síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Inoussa ti gbàgbé pé kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí gbogbo rẹ̀.

Ó tẹ àwòrán tó dé kẹ́yìn.

Yàrá dúdú. Iná pupa. Igbá ńlá kan láàárín ilẹ̀, nǹkan dúdú ti gbẹ mọ́ ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin kan fara ti ògiri, okùn wà lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ rẹ̀, apá rẹ̀ sì kún fún ojú abẹ. Ó sorí kodò. Ròdíyátù dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, àwòrán mìíràn dé. Ọkùnrin náà ti gbé orí sókè.

Nuru ni.

Ó pe Monique, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kàwé, tó ti di ọlọ́pàá. Monique sáré dé. Ó wo àwòrán náà, ojú rẹ̀ le.

“Cissin tóbi, Ròdíyá. Ilé wo? Tí a bá mú Inoussa báyìí tó sì dákẹ́, ẹni tó wà lọ́dọ̀ Nuru á pa á.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń sọ tí fóònù fi dún. Inoussa ni.

“Ṣé iṣẹ́ ti parí? Bàbá kan wà tó máa ń súre sí iṣẹ́ mi. N óò wá gbé ọ lágogo méjì.”

“D'accord, mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n.”

Monique gbá a lọ́wọ́ mú. “Rárá.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni,” Ròdíyátù ní. “Ṣí ojú ìwé yìí síwájú rẹ. Fóònù mi á máa sọ ibi tí mo wà fún ọ. Tí o bá ti rí mi nínú àwòrán, má dúró mọ́.”

Oòrùn mú ganrínganrín nígbà tí jíìpù Inoussa wọ ọ̀nà eléruku kan ní Cissin, ṣùgbọ́n inú yàrá tí wọ́n mú un wọ̀ ṣókùnkùn. Aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé. Òórùn ẹ̀jẹ̀ àti epo kíkan gbá a nímú. Eṣinṣin bo igbá náà bámúbámú.

Oníṣègùn kan tí wọ́n ń pè ní Zakari jókòó lẹ́yìn igbá. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

“Jókòó, ọmọ mi. Ṣé o rò pé ọgbọ́n orí rẹ la torí rẹ̀ pè ọ́? Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà pọ̀ nílùú yìí. Ẹ̀jẹ̀ tí à ń bù díẹ̀díẹ̀ kò tó igbá mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n láti ọwọ́ àbúrò ló ń bèèrè.” Ó ti ọ̀bẹ kan síwájú rẹ̀. “Dú u. Láti ọ̀la, owó á máa wá ọ kiri.”

Nuru la ojú níbi tó wà. “Ròdíyá,” ó ní, “sá lọ.”

“Ó ti kú tán náà,” Inoussa ní. “Ṣe é, ká jọ là.”

Ròdíyátù mú ọ̀bẹ. Zakari rẹ́rìn-ín. Ròdíyátù rìn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì gé okùn ọwọ́ rẹ̀.

“Kí lò ń ṣe?” Inoussa bi í.

“Ohun tí mo wá ṣe.”

Zakari dìde. “Ìgbín kì í lọ́wọ́, ejò kì í lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ mi, kú. Kú bí ẹ̀ka gbígbẹ. Kú láti èékánná dé èjìká.”

Òtútù sáré gun ọwọ́ ọ̀tún Ròdíyátù. Ìka rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ọ̀bẹ já bọ́. Ó fi ọwọ́ òsì ṣa ọ̀bẹ nílẹ̀, ó sì gé okùn ẹsẹ̀.

“Ọwọ́ méjì ni mo ní, bàbá.”

Inoussa bọ́ síwájú. Ròdíyátù na ọ̀bẹ sí i. “Wo òkè, Inoussa. Kámẹ́rà tí o fi ń ṣọ́ bàbá yìí, ojú ìwé tí o ní kí n ṣe ló ń gbé e jáde. Ọlọ́pàá ló ń wò ó.”

Inoussa wòkè. Níta, wọ́n ti ń lu géètì.

“Ọ̀bẹ tó bá ti jáde níwájú igbá kì í wọlé ní gbígbẹ,” Zakari ní, jẹ́jẹ́. Kò wo Ròdíyátù mọ́. Ó di ọwọ́ Inoussa mú bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́, ó wọ́ ọ dé ẹnu igbá, abẹ kan sì yọ lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Inoussa ké títí ohùn rẹ̀ fi já. Ìka mẹ́ta bọ́ sínú igbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eṣinṣin gbéra sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ròdíyátù fa Nuru sẹ́yìn ara rẹ̀, ó na ọ̀bẹ síwájú, kò sì gbé e sílẹ̀ títí àwọn ọlọ́pàá fi fọ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n pe Ròdíyátù sí àgọ́ ọlọ́pàá láti wá tọ́ka sí ẹni tó rí. Ọwọ́ Inoussa ti jẹrà, àwọn dókítà ti gé e dé ìgúnpá. Ọwọ́ ọ̀tún Ròdíyátù ti ń padà bọ̀ sípò. Nuru wà nílé, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, kò tíì lè sùn láìsí iná. Àwọn àgbà Yorùbá tó wà nílùú náà ní kí Ròdíyátù sá lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi tutù.

“Ibí ni wọ́n bí mi sí,” ó dá wọn lóhùn. “Èmi kọ́ ló yẹ kó sá.”

Zakari jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí i.

“Orúkọ rẹ nìkan ni mo mọ̀. Tí mo bá mọ orúkọ ìyá tó bí ọ pẹ̀lú, èpè mi ò ní jẹ́ kí o rí ọ̀la. Sọ ọ́, tó bá dá ọ lójú.”

Monique tó gbé ìbọn pàápàá fà á láṣọ. “Laisse, Ròdíyá. Má dá a lóhùn.”

Ròdíyátù fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀. Ó mú bébà kan lórí tábìlì, ó kọ orúkọ náà gàdàgbà gàdàgbà, ó sì gbé e lé orúnkún Zakari.

“Ròdíyátù, ọmọ Mariama. Ọmọ ẹ̀yà Mossi ni ìyá mi, ìlú Koudougou ni wọ́n ti bí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí o má baà ṣì í pè.” Ó ká apá gbera. “Ó yá, bẹ̀rẹ̀. N kò kánjú.”

Zakari wo bébà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èpè, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ròdíyátù tẹjú mọ́ ọn, kò ṣẹ́jú. Níta, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé ọkùnrin náà lọ sẹ́wọ̀n fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Zakari ló kọ́kọ́ gbójú kúrò.