Ìlà Kejì Lójú Ọmọ

Ìlà méjì ló wà lójú ọmọ náà láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì àgbà fà.

Kòkòrò àìsàn ló wọ kòtò ojú ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà náà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó mumi. Dókítà ní àwọn ò tíì ní í gbé ọ̀bẹ: kí oògùn máa kán wọ iṣan rẹ̀ láti inú ọ̀rá, kí nọ́ọ̀sì fi bíírò fàlà kan yí ibi tó wú ká. Bó bá fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kẹta tí wíwú náà ré kọjá ìlà, tàbí tí ojú ò ríran, iṣẹ́ abẹ ló kù.

Ẹni tó bá ti bá ìyá àgbà jà rí nítorí ọmọ-ọmọ mọ̀ pé èèyàn kì í ṣẹ́gun. Ẹ̀ẹ̀mejì nìyá àgbà ọmọ yìí ti fi aṣọ tútù nu ìlà náà dànù, tí nọ́ọ̀sì ń tún un fà.

"Ṣé pátákó ìkọ̀wé lojú ọmọ mi ni?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́! Òun la fi ń mọ̀ bóyá ó ń lọ sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti sú nọ́ọ̀sì dé gògóńgò. "Ta ló tún wá fa ìlà kejì yìí sínú tèmi?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mò ń nù ún?" Ìyá àgbà rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti ń nu ìyẹn láti àárọ̀. Kò kúrò."

Nọ́ọ̀sì pòṣé. Ó fi òwú àti sípíríìtì nù ún títí apá fi ro ó. Òwú ṣì funfun báláú. Ara ọmọ gbóná janjan, àmọ́ ìlà yẹn tutù lábẹ́ ìka rẹ̀.

"Bàbá yẹn ló fà á, mà," ni ọmọ náà sọ. "Ó ní kò ní kọjá ibẹ̀."

"Bàbá wo? Má fi kún wàhálà mi o!" Ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù lòun fúnra rẹ̀ jókòó sí láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọkùnrin kankan ò wọlé.

Nígbà tí dókítà dé lọ́sàn-án, ibi tó wú ti sún sẹ́yìn, ó dúró sórí ìlà inú gẹ́lẹ́. Ìpéǹpéjú ti là.

"Oògùn ṣiṣẹ́," ni dókítà wí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kejì tí kò wú. Nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ìka mẹ́ta.

"Mélòó lo rí?"

Ọmọ náà wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì tún wo òkè èjìká rẹ̀.

"Mẹ́ta ni tiyín, mà. Méjì ni ti Bàbá tó wà lẹ́yìn yín."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú ríran, kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ti fẹ̀yìn lẹ ògiri yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ò lè gba àárín wọn kọjá.