Àpò Kọfí Mẹ́ta tí Bàbá Kíákíá Ká

"Ìyá àwọn ọmọ, jáde wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ!"

Oòrùn ò tíì mú nígbà tí Bàbá Kíákíá pariwo yìí láti ẹ̀yìnkùlé. Orúkọ yẹn kì í ṣe orúkọ àbísọ o. Àwọn ará àdúgbò ló fún un, nítorí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ kankan di ọ̀la. Ìyàwó rẹ̀ a máa ní bó bá ṣeé ṣe, ọkọ òun ìbá máa wọ bàtà kó tó jí.

Àpò mẹ́ta ni Ìyá bá nílẹ̀, wọ́n kún dẹ́nu. Ó ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó bu èso kọfí jáde. Díẹ̀ ló pọ́n. Èyí tó pọ̀ jù ṣì tutù bí ewé.

"Bàbá àwọn ọmọ! Ṣé ẹ ò ṣà á ni?"

"Ṣà kí ni? Mo di ẹ̀ka mú, mo fà á látòkè délẹ̀, ó tán. Ṣé kì í ṣe kí ẹrù ẹgbẹ́ lè pọ̀ ni, kí wọ́n tètè parí afárá?"

Ìyá ò lè bínú. Ó mọ ohun tó ń lé ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo wà nínú oyún oṣù méje, odò sì wà láàárín ilé àti ilé ìwòsàn. Tí òjò bá dé, odò náà kì í ṣeé là kọjá. Èrè ọdún tó kọjá ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọfí fi ri òpó afárá mọ́lẹ̀; tọdún yìí ni wọ́n fẹ́ fi ra pákó.

Ó ránṣẹ́ pe akọ̀wé ẹgbẹ́. Obìnrin náà gbé fúláàsì kọfí gbígbóná méjì àti ife dání dé.

"Bàbá, ọdún mélòó lẹ ti ń gbin kọfí?"

"Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún."

"Ẹ ti mu ún rí?"

"Èmi? Tíì ni mò ń mu."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Ọkọ mi ń ta ohun tí kò mọ adùn rẹ̀."

Bàbá mu ti fúláàsì àkọ́kọ́, ó mi orí. "Èyí dáa o." Ó fi ẹnu kan ìkejì, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó sáré tu ú dànù.

"Ta ló po oògùn ibà mọ́ ọn?"

"Èso tí kò pọ́n ló wà nínú ẹ̀, Bàbá, irú èyí tó wà nínú àpò yín. Inú ẹ̀rọ tó ń bó èèpo kan náà la máa ń da kọfí gbogbo wa sí. Tí tiyín bá wọ ibẹ̀, ẹni tó ń ra ọjà wa á tọ́ ọ wò, á sì kọ ti gbogbo wa."

"Afárá ńkọ́?"

"Ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

Bàbá jókòó lé àpò. Ẹ̀rù bà á gan-an, kò sì fi pa mọ́. "Àṣé èmi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi dínà mọ́ ọmọ mi."

"Ẹ má wí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ìfẹ́ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n kọfí kì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin là ń padà sídìí ẹ̀, pupa nìkan là ń ká."

"Èyí tí mo ti fà ńkọ́?"

"A jọ máa ṣà á ni. Kí ni wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́?"

Kó tó di ọ̀sán, aládùúgbò mẹ́sàn-án ti gbé atẹ dé. Wọ́n ń ṣà, wọ́n ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ télọ̀ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tuntun yẹn pé oṣù o, ẹ má lọ fà á látòkè délẹ̀!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àpò mẹ́ta di ọ̀kan àti díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èso tútù kan nínú rẹ̀.

Oníbàárà gba ẹrù ẹgbẹ́, wọ́n sì tẹ́ pákó afárá. Lọ́sẹ̀ kejì tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí odò ti kún, ọmọbìnrin Bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kọjá lórí afárá, ó dé ilé ìwòsàn, a gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ tọmọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kọfí, èso pupa nìkan ni kẹ́ ẹ máa ká. Ẹ má po tútù mọ́ ọn, nítorí àpò ẹnì kan lè ba ti gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Níbi tí kò bá sí ẹgbẹ́, kí ẹ̀yin mélòó kan kó ara yín jọ, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ. Aboyún kan wà ládùúgbò yín báyìí, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.