Ẹ̀kán Ọ́ìlì Lórí Páálí Adájọ́

"Bí ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo bá já bọ́ lára lọ́rì mi, ẹ fi ahọ́n mi nù ún."

Máfòyà ló sọ bẹ́ẹ̀ láti orí ìjókòó awakọ̀, tó fi ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé bí ọba tó ń wo ìlú rẹ̀. Obìnrin kan ló dúró lẹ́nu géètì. Ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ aláwọ̀ eérú, ó fi aṣọ pupa pélébé kan di irun sẹ́yìn, ó sì gbé páálí funfun kan sábẹ́ abíyá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti páálí náà sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń kó pamọ́ sínú ọgbà náà. Òfin ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó bá jò kí obìnrin yìí tó ka ọgọ́rùn-ún kò gbọdọ̀ wọlé. Nítorí èyí làwọn awakọ̀ ṣe ń pè é ní Adájọ́.

Nígbà tó ka dé ogójì, ó gbójú sókè wo Máfòyà. Ojú náà tutù, ó jinlẹ̀, ẹ̀rín díẹ̀ sì sá pamọ́ sí igun rẹ̀. Máfòyà gbàgbé ibi tó ń lọ. Ó gbàgbé orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó ka méjìlélọ́gọ́ta, ohun kan dún lábẹ́ ọkọ̀: tó.

Adájọ́ fa páálí jáde. Ẹ̀kán dúdú kan jókòó sí àárín rẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n awakọ̀," ó ní, "ahọ́n yẹn dà?"

Lọ́jọ́ náà, èjìká ni Máfòyà fi ru ogójì àpò ìyẹ̀fun láti inú ọgbà dé ẹnu géètì. Nígbà tó ru èyí tó kẹ́yìn tán, ó funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ará ọ̀run tó ṣìnà. Adájọ́ bu omi fún un. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní láti wo ògiri kí ó má baà rẹ́rìn-ín.

Arúgbó ni Máfòyà ń pe lọ́rì náà. Rọ́bà kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ló ti gbó, kí wọ́n sì tó lè pààrọ̀ rẹ̀, àfi kí wọ́n sọ odidi ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, kí awakọ̀ jókòó nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Jíjò náà kò tó ohun tí í pa ọkọ̀. Ó dà bí àgbàlagbà tí imú rẹ̀ ń ṣàn lásán. Bí ó ṣe ń jò ni Máfòyà ń bu ọ́ìlì díẹ̀ sí i, ayé sì ń lọ.

"Kí ló dé tí o ò tà á?" Adájọ́ bi í léèrè ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

"Òun ni bàbá mi fi tọ́ mi dàgbà kó tó kú. Ohun tó gbó tó ṣì ń sin èèyàn, a kì í jù ú nù. Ńṣe là ń tọ́jú rẹ̀."

Adájọ́ ń fi ìka yí etí páálí ká. Ó pẹ́ tó ti rí ọkùnrin tó ń fọ́nnu. Kò tíì rí èyí tó fọ́nnu tán tó tún rántí òótọ́.

Láti ọjọ́ náà ni kíkà rẹ̀ ti ń falẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé Máfòyà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń ka mọ́kànlélógójì.

"Adájọ́, o ti ka ìyẹn tẹ́lẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo ń kà á ni?"

"Rárá, ìyàwó mi lọ́la. Máa kà á lọ. Kódà, padà sí oókan."

"Lọ́la ta ni?" Adájọ́ fi páálí lù ú léjìká. Ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀.

Bàbá Adájọ́ ló wá kù. Mẹkáníìkì lọ́rì ni fún ogójì ọdún. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Máfòyà kọ́kọ́ gun òkè tí ilé wọn wà lọ kí i, inú yàrá ló ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó sì gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Jíjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," ni bàbá wí. "Orúnkún tèmi náà ń dún. Àìbìkítà ni mo kórìíra. Ẹni tó jẹ́ kí ọ́ìlì tán nínú ẹ́ńjìnnì, yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán nínú ilé. Ní Sátidé, gbé àbúrò bàbá rẹ sínú lọ́rì yìí, kí ẹ gun òkè wá tọrọ ọmọ mi. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ọ̀nà, ẹ yí padà. Má sì wá mọ́."

"Kò ní kú, Bàbá," ni Máfòyà wí.

Ní Fúráìdé, bó ṣe ń ru àpò lọ ru àpò bọ̀, ó rí bàbá lẹ́nu géètì. Bàbá ní òun kàn wá kí ọmọ òun ni. Máfòyà dọ̀bálẹ̀, ó sì padà sídìí àpò.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ó rò ó pé òkè ga, ó rò ó pé Arúgbó ti dàgbà, ó sì rò nípa ojú tó jinlẹ̀ yẹn. Ó da odidi gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan sínú ẹ́ńjìnnì. Olólùfẹ́ kì í mọ ìwọ̀n.

Wọn kò tíì gun òkè dé ìdajì tí èéfín aláwọ̀ búlúù fi bo ojú ọ̀nà. Ọ́ìlì ń tú jáde níbi tí kò ti jò rí láyé. Àbúrò bàbá rẹ̀ fi fìlà bo imú, ó ní ṣé ìyàwó ni àwọn ń lọ fẹ́ àbí iná ni àwọn ń lọ pa. Arúgbó wọ́ ara rẹ̀ dé iwájú ilé, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì dákẹ́.

Máfòyà sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Adájọ́ sáré jáde wá dúró tì í.

"Ó ti tán," ni Máfòyà wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mi ò tíì ka ọgọ́rùn-ún."

Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fa géèjì yọ, ọ̀pá tínńrín tí wọ́n fi ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì, ó nù ún, ó tì í padà sínú ẹ́ńjìnnì, ó tún fà á yọ. Ó wò ó títí.

"Ọ́ìlì kò gbẹ," ni ó wí. "Ó ti mu yó dé ọrùn. Ta ló dà tó báyìí sí i?"

"Èmi ni, Bàbá. Gálọ́ọ̀nù kan, láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

"Gálọ́ọ̀nù kan kò lè ga tó báyìí."

Adájọ́ wolẹ̀. "Ìdajì gálọ́ọ̀nù ni tèmi. Lánàá, nígbà tó ń ru àpò. Mi ò fẹ́ kó kú sórí òkè."

Bàbá ṣírò rẹ̀ lórí ìka. Ìṣirò kò pé. Ó tún un ṣírò. Lẹ́yìn náà ni ó wo òkèèrè, bí ẹni tó ń dúró de àlejò mìíràn.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá?" ni Adájọ́ béèrè jẹ́jẹ́.

"Èmi? Mo kàn ń kọjá lọ lẹ́nu géètì ni."

"Pẹ̀lú ọ́ìlì lọ́wọ́ lẹ ń kọjá lọ?"

Máfòyà wo ọkùnrin tó gbé ìdánwò kalẹ̀, tó sì ti lọ bá òun kọ ìdáhùn rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ sì kún.

"Ọmọ mi ló fẹ́ràn rẹ," ni bàbá wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kí ni kí n ṣe, kí n máa wòran? Mo fi í fún ọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi àti ìwọ la jọ máa sọ ẹ́ńjìnnì yìí kalẹ̀."

Máfòyà dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì. Adájọ́ fà á dìde, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú bó ṣe rí, dúdú, tó ń yọ̀. Àbúrò bàbá ń nu ojú. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fi òye ogójì ọdún ṣàlàyé fún gbogbo wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣe bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù.

Ìyá dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró.

"Ẹ̀yin mẹ́ta," ni ó wí, "kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ fa géèjì wò."