Ọ̀gá Tó Jókòó Lé Ìwé Omi Yoko

Nígbà tí Ògúnlékè di ọ̀gá àgbà ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan tó ń mójú tó omi mímu ní Pobẹ̀, ó fi òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ náà sínú àpò ara rẹ̀. Ìlànà ní kí ọ̀gá tó ń rìnrìn àjò fi ẹnìkan rọ́pò ara rẹ̀. Ó ní kò sí igbákejì tí yóò fọwọ́ sí ìwé dípò òun.

Kí tiẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀gá? Kí ó ka ìwé tó wà níwájú rẹ̀, kí ó pàṣẹ lásìkò, kí ibi má bàa bá tálákà tí kò mọ ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba. Kì í ṣe kí ó máa wú bíi gàrí inú omi.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Sylvie, igbákejì rẹ̀, wọlé láìjẹ́ pé ó pè é. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé omi kànga abúlé Yoko ti bàjẹ́. Ó ní kí ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n lè ti kànga náà pa. Ògúnlékè kò wo ìwé náà. Ó bú u pé kò lẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí ó fi í sábẹ́ àwọn ìwé yòókù lórí tábìlì òun. Lọ́jọ́ kejì ó gba Kútọnù lọ, tòun tòǹtẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Sylvie pè é títí, kò gbé fóònù. Ó ránṣẹ́ sí Yoko, olórí abúlé ní òun kò lè ti kànga láìsí ìwé tó ní òǹtẹ̀. Wọ́n ń pọn omi náà mu lọ. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ mẹ́ta kú. Wọ́n gbé ìyá Ògúnlékè tó ń gbé lábúlé náà dé ilé ìwòsàn ní Sakẹ́tẹ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ògúnlékè sáré dé láti Kútọnù, ó ń jágbe mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní òun yóò lé ẹni tó fa ọ̀ràn yìí lẹ́nu iṣẹ́. Ó tẹ Sylvie láago, ó bi í pé ta ló di ìwé kànga mú.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni Sylvie wí. "Ó wà lórí tábìlì yín, níbi tí ẹ ní kí n fi í sí."

Ògúnlékè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni Séverin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, tó jẹ́ díákónì, bá a. Ògúnlékè ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń retí kí ó kí òun kú ìrọ́jú. Séverin kò kí i.

"Lékè, gbogbo ènìyàn lo ti bínú sí, ó ku ẹni tó tọ́ sí. Ìwọ lo pa wọ́n. Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Jésù. Yóò gbọ́, torí irú wa ló tìtorí rẹ̀ kú. Àmọ́ má gbé àwáwí dání."

Ògúnlékè sunkún bí ọmọdé. Ó ní, "Jésù, èmi ni. Ṣàánú mi."

Lọ́jọ́ náà gan-an ló ní kí wọ́n ti kànga. Ìyá rẹ̀ yè. Ó lọ sí Yoko, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Merveille, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú, ó sì sọ òótọ́ fún un. Merveille wò ó, ó sì yí padà wọlé. Ó tún lọ jẹ́wọ́ fún ìjọba. Wọ́n yọ ọ́ nípò, kò jà.

Ìwọ tí o ń ka èyí, o ti ń bínú sí Ògúnlékè bọ̀ láti òkè. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni Ọlọ́run fi lé ọ lọ́wọ́ tí o gbé tì nítorí ìgbéraga? Ta ló ń jìyà rẹ̀ báyìí? Má nàka sí ẹnikẹ́ni. Kúnlẹ̀ lónìí, kí o jẹ́wọ́ fún Jésù. Àwọn ọmọ Yoko náà rò pé ọ̀la ń bọ̀.